Fóònù Náà Ń Ṣiṣẹ́ Dáadáa

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Ọmọ mi, Lọ́yà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Èmi wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ọ̀tún ti tún bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀, mo sì ń rò ó pé bóyá kì í ṣe orúnkún nìkan. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ sí ọ láti ìgbà tí ọdún ti yí, o kò dá ọ̀kankan lóhùn. O mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ lẹ́tà ń dé. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń tú àpò náà sórí káńtà, tí mo ń ṣà á bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Awakọ̀ náà ti mọ̀ mí débi pé kó tó sọ̀ kalẹ̀ ló ti ń mi orí. Mo ti sọ fún un pé kó yé mi orí sí mi, kó jẹ́ kí n fi ojú ara mi wò ó.

Mo rò ó pé bóyá òtútù ti dá ọ dùbúlẹ̀. Mo rò ó pé bóyá o ti kó kúrò nílé tí o wà, o kò sì fún mi ní àdírẹ́sì tuntun. Mo tún rò ó pé bóyá o gbàgbé gáàsì ní ṣíṣí. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú àárẹ̀ lè gbàgbé gáàsì. Jọ̀wọ́, kí o tó sùn, fi ọwọ́ kan orí sílíńdà náà.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ èyí nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá láti Ọ́fíìsì Fóònù ti ìjọba. Ó dúró níwájú ilé ìwé, ó ní òfin tuntun ti jáde: kò gbọdọ̀ sí ibì kan tí ènìyàn ń gbé tí fóònù kò ní dé, ìbáà jẹ́ orí òkè, ìbáà jẹ́ etí omi, yálà èrè wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ó ní gbogbo ilé iṣẹ́ fóònù ni yóò máa dá owó sínú àpò kan, owó inú àpò yẹn ni wọn yóò sì fi ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ibi tí àwọn fúnra wọn kò ní fẹ́ lọ. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ó ka abúlé ẹ̀yìn odò, níbi tí ilé kò ju ogójì lọ, tí ìdajì wọn sì ti wó. Ó ka ibùdó àwọn tó ń la pákó. Kò ka tiwa. Olórí ilé ìwé ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Kò sí tiwa níbẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo ojú yí sí mi, bíi pé èmi ni mo tẹ ìwé náà. Nítorí pé ìyẹ̀wù iwájú ilé mi ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wà, ohunkóhun tí ìjọba bá ṣe, orí mi ni wọ́n ń gbé e kà. Aránṣọ òdìkejì wa sọ ọ́ sókè pé, "Bàbá Lẹ́tà, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wọn kọ̀wé. Kí lẹ kọ?" Mo ní kó lọ mú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ìwọ lo ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ìwé náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Bá mi wò ó, kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, kí n lè rí nǹkan fi dí wọn lẹ́nu. Nígbà tí o wà ní kékeré, o kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi títí o fi máa rí ìdí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè ọ́ ní Lọ́yà. Nísinsìnyí tí a nílò lọ́yà, o dákẹ́.

Máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò ṣàìsàn. N kò kó kúrò. Kò sí sílíńdà nínú ilé mi, iná mànàmáná ni mo fi ń dáná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ ọ́ fún yín. N kò kọ̀wé nítorí pé ó rẹ̀ mí, àti nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo ti ń bi yín láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ kò dá a lóhùn. Ìbọ̀sẹ̀ lẹ̀ ń bi mí.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Yàrá ńlá kan tí kò ní fèrèsé, àwa mẹ́rìnlélógún la jókòó síbẹ̀, fóònù wà létí oníkálukú. Ẹni tó ṣubú, ẹni tí àyà ń dùn, ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbé nǹkan mì, àwa ni wọ́n ń pè kí a rán áńbúláǹsì sí wọn. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dá àwọn tí n kò mọ̀ rí lóhùn. Bàbá tó bí mi, n kò lè pè é.

Mo wá ìwé náà, mo sì kà á láti òkè délẹ̀. Kò le. Wọ́n pín gbogbo ìlú sí ọ̀nà méjì: ìlú tí fóònù ti dé àti ìlú tí kò tíì dé. Bí ìlú kan bá ti ní fóònù kan péré tó ń ṣiṣẹ́, níbi tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ láti lò ó, fóònù ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Kò sí ilé iṣẹ́ tó di dandan fún láti ri òpó síbẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn, fóònù kan, wọ́n ti ṣe tiwọn. Òfin burúkú ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Ìlú wa wà lára àwọn tí fóònù ti dé. Ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ ni: "Fóònù ìlú, ọ̀kan, nínú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́."

Fóònù inú àpótí onígi tó wà ní igun ìyẹ̀wù iwájú nìyẹn. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo dé ibí, à ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tó yá, mo ń pè, ó ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ẹ kọ̀wé sí mi pé wọ́n ti sọ ọ́ di fóònù iṣẹ́, kí n má fi ìpè mi dí ọ̀nà. Mo gbà. Nígbà tí Màmá kú, ọjọ́ kẹtàdínlógún ni mo tó gbọ́, nínú lẹ́tà. Ẹ ní òjò ba ọ̀nà fóònù jẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo tún gbà.

Ohun méjì ni mò ń bi yín. Àkọ́kọ́, ṣé fóònù náà ń ṣiṣẹ́? Ìkejì, ẹ ti mọ̀ ọ́n: kí ni Màmá sọ kó tó lọ? Ẹ̀yin nìkan lẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Lọ́yà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé o ti di ọlọ́pàá. "Àkọ́kọ́, ìkejì." Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ka ení, èjì. Èmi ni wọ́n wá ń kà á fún.

Fóònù náà wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń nù ún, mo sì ń fi epo sí ìdè ilẹ̀kùn àpótí rẹ̀ kó má baà máa ké. Kí lo tún fẹ́ gbọ́? Ní ti màmá rẹ, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló yẹ kó wà. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan ti burú níbí. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan àga tí o fi ń kàwé, èyí tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú, já bọ́ láti orí òrùlé ilé ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n gbé e há àárín ènìyàn méjì lórí alùpùpù, wọ́n gbé e gba ọ̀nà òkúta yẹn fún wákàtí kan àbọ̀ títí dé ilé ìwòsàn. Bébà ni wọ́n bá lára ilẹ̀kùn pé nọ́ọ̀sì ti lọ sí ìpàdé, yóò dé lọ́la. Wọ́n tún gbé e padà. Ká ní fóònù wà ni, wọn ì bá ti mọ̀ kí wọ́n tó gbéra nílé. Títí di òní, kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Mo ń rò ó pé ó lè jẹrà. Mo kà á nínú ìwé kan pé egungun tó bá ṣẹ́ sínú máa ń jẹrà.

Olórí ilé ìwé tún pe ìpàdé. Wọ́n ní kí a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ní èmi ni kí n kọ ọ́ nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Mo ní ojú ń dùn mí. Ìwọ ni kí o kọ ọ́ láti ibẹ̀, ìwé tó bá ti ìlú òkèèrè wá ni wọ́n ń bẹ̀rù. Sọ fún wọn pé àṣìṣe wà nínú ìwé wọn. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Má dárúkọ mi rárá.

Mo gbọ́ ọ lórí rédíò pé afẹ́fẹ́ ńlá ń fa igi tu lápá ibi tí o wà. Má ṣe dúró lábẹ́ igi.

Bàbá rẹ


Ọgbọ̀njọ́, oṣù karùn-ún

Bàbá,

N kò ní kí yín lónìí.

"Fóònù náà wà níbẹ̀." "Ká ní fóònù wà ni." Inú lẹ́tà kan náà lẹ kọ méjèèjì sí. Bí ẹnì kan bá bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu iṣẹ́, mo máa mọ̀ pé ó ń fi nǹkan pamọ́ fún mi.

Mo kọ̀wé sí Ọ́fíìsì Fóònù bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Mo ní àṣìṣe wà. Wọ́n dá mi lóhùn pé kò sí àṣìṣe, wọ́n sì fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí mi kí n fi ojú ara mi rí i. Fọ́ọ̀mù méjìlélógún ni. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ẹ fi ń kọ wọ́n. Mo tẹ́ wọn sórí tábìlì ìdáná, kò gbà wọ́n tán, mo tẹ́ ìyókù sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ọwọ́ ìkọ̀wé yín, tí ìlú ní ó dára. Ìlà kẹrin fọ́ọ̀mù náà béèrè pé báwo ni fóònù ìlú ṣe wà. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀méjìlélógún ni: "Fóònù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Mo wá èyí tó bọ́ sí oṣù tí Màmá kú. Mo rí i. Ọjọ́ kẹta tí ẹ sin ín lẹ fọwọ́ sí i. "Fóònù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Ọwọ́ yín kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ẹ fi rúlà fa ìlà sábẹ́ orúkọ yín.

Ẹ sọ fún mi pé òjò ni. Ẹ sọ fún ìjọba pé kò sí nǹkan kan. Èwo nínú wa lẹ purọ́ fún? Ṣé a rí ọjọ́ kan láàárín ọdún wọ̀nyí tí fóònù yẹn ṣiṣẹ́? Ẹ̀yin lẹ mú ìlú kúrò lára ìwé náà, Bàbá. Kì í ṣe ìjọba. Ẹsẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i.

Ọ́fíìsì Fóònù ní àwọn lè tún ìwé náà ṣe títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọdún márùn-ún. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe: ẹni tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ó ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ohun tí òun kọ kì í ṣe òótọ́, kó sì fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí. Mo fi bébà náà sínú àpò ìwé yìí. N kò lè kọ ọ́ fún yín. Bí mo bá lè kọ ọ́, mi ì bá ti kọ ọ́.

Ẹ má kọ lẹ́tà sí mi mọ́ títí ẹ ó fi fọwọ́ sí i.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Ṣé ìwọ lo bí mi ni?

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sẹ́yìn káńtà yìí kí o tó kúrò nílé. Kò sí ẹni tó kó ìwé iṣẹ́ mi jọ sórí ilẹ̀ ìdáná rí. O ní o tẹ́ wọn sílẹ̀. Ṣé o tún tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀?

Béèrè lọ́wọ́ wọn pé níbo ni fọ́ọ̀mù méjì àkọ́kọ́ wà. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, kì í ṣe méjìlélógún. Nígbà tí ìjì wó òpó wáyà lulẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, òótọ́ ni mo kọ: "Fóònù kò ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán ẹni tó máa tún un ṣe." Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni kò wá. Mo tún kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ìwé kan ṣoṣo ló dé. Ó ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kékeré tí fóònù rẹ̀ bá kú ní ìgbà mẹ́ta léraléra kò yẹ ní ṣíṣí mọ́, wọ́n máa tì í pa, lẹ́tà ìlú náà yóò sì máa lọ sí ìlú ńlá. Bí wọ́n ṣe kọ ìyẹn náà nìyẹn. Kí ni ìwọ ì bá kọ ní ìgbà kẹta?

Ta ni yóò lọ sí ìlú ńlá lọ gba lẹ́tà? Èmi pẹ̀lú orúnkún yìí? Lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, èyí tí o ń kọ pẹ̀lú ìbínú, ibo lo rò pé mo ti ń rí i gbà? Ìlà kan ni mo kọ, ilẹ̀kùn kan sì wà ní ṣíṣí. Mo rò pé ẹni tó bá ń yẹ fọ́ọ̀mù wò á wá lọ́jọ́ kan, á gbé fóònù náà sétí, á rí i pé ó ti kú, ọ̀rọ̀ á tán. Ọdún mẹ́fà, ẹnì kan kò wá gbé e sétí. Èmi nìkan wá ni mo purọ́?

O kò wá síbi ìsìnkú. Mo mọ̀ pé o máa ní o kò gbọ́ lákòókò. O kò sì wá lẹ́yìn tí o gbọ́.

N kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Bí mo bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ti ibí pa, ìlú yóò sì mọ̀ pé èmi ni. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Níbo ni kí n kó ojú sí?

Bàbá rẹ, bí o bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Lọ́yà,

Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin ti kọjá. Awakọ̀ kò mi orí mọ́, ó kàn ń wo ilẹ̀. Bí o bá ń ṣàìsàn, sọ fún ẹnì kan kó kọ ọ́. Bí o kò bá ṣàìsàn, kọ òfìfo ránṣẹ́, kí n kàn rí ọwọ́ rẹ lára àpò ìwé. Mo mọ̀ pé o ní kí n má kọ̀wé. N kò lè ṣe é.

Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà wá síbi káńtà lánàá. Kò mọ̀wé kọ, èmi ló máa ń bá a kọ lẹ́tà. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi kọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́, ẹ má fi ìwé tẹ́ ẹ kà tún un ṣe." Mo mú bírò. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí Ọ́fíìsì Fóònù, ẹ kú ìjókòó. Ọkọ mi ò lè na ẹsẹ̀ mọ́. Ọ̀pá ló fi ń lọ ilé ìyàgbẹ́. Ẹnì kan sọ fún yín pé a ní fóònù. Mo fẹ́ mọ ẹni náà. Kó wá fi fóònù yẹn pe nọ́ọ̀sì fún mi, kí èmi náà máa gbọ́." Ó ní, "Ṣé ẹ ti kọ ọ́?" Mo ní mo ti kọ ọ́. Ó ní, "Ẹ kà á fún mi." Mo kà á. Ó ní, "Ẹ fo ibi tí mo ní mo fẹ́ mọ ẹni náà."

Lóòótọ́ ni, mo fò ó. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ó tún ní kí n kà á. Mo kà á. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan lẹ kì í rẹ́ni jẹ nílùú yìí." Mo lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Mo jù ú sínú àpò.

Láti àná, n kò lè jẹun dáadáa. Bóyá inú ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo máa ra oògùn.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Mo rí méjèèjì gbà. N kò ṣàìsàn.

Lónìí ọkùnrin kan pè. Ìyàwó rẹ̀ ṣubú sí balùwẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Áńbúláǹsì lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó débẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, mo wà létí rẹ̀. Mo ní kó dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní kó máa bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí lòun máa sọ? Mo ní ohunkóhun tó bá wá sí i lẹ́nu. Mo ń gbọ́ ọ, ó ń sọ fún un pé aṣọ tó sá síta ti gbẹ. Nígbà tí mo gbé fóònù náà sílẹ̀, ọ̀gá mi ní kí n lọ gba atẹ́gùn.

Ta ló wà létí tiyín? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. N kò bínú nítorí ilẹ̀kùn ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo bínú pé ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta, bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, mo máa fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù méjèèjìlélógún ránṣẹ́ sí Olórí ilé ìwé. N kò fi dẹ́rù bà yín. Mo ti ra sítáǹbù rẹ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án

Lọ́yà,

O lè dá sítáǹbù rẹ padà sínú dúrọ́ọ̀. Mo ti fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn tí lẹ́tà rẹ dé, mo ní kí Olórí ilé ìwé pe ìpàdé. Ó rò pé mo fẹ́ ka èsì láti ọ̀dọ̀ ìjọba ni. Mo dìde, mo wọ awò ojú, mo sì ka bébà náà sókè, torí mo mọ̀ pé tí n kò bá kà á, mo tún lè fo ibì kan. Mo ní èmi ni. Mo ní ẹ̀ẹ̀méjìlélógún. Mo sọ ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ní àwọn máa tì pa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tẹ́tí sí ìyẹn. Aránṣọ na abẹ́rẹ́ sókè láti ibi tó jókòó sí, ó ní, "Bàbá Lẹ́tà, mo ti mú un bẹ́ ẹ ṣe wí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bá mi kọ ọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì." Ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú, wọ́n sì jáde. Láti ọjọ́ náà, kò kí mi. Ní òwúrọ̀, ó máa ń gba ẹ̀yìn ilé ìwé, ọ̀nà tó jìn, kó má baà kọjá níwájú mi.

Olórí ilé ìwé fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó dá bírò mi padà fún mi pẹ̀lú ìka méjì, bí ẹni tó mú ohun tó dọ̀tí.

Èsì dé lánàá. Wọ́n ti fi ìlú kún un. Kí ọdún tó parí, wọ́n á ti ri òpó náà sórí òkè ẹ̀yìn ilé ìwé. Ìwé kejì wà nínú àpò kan náà: ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò di títì pa lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí, wọn yóò sì wá tú àpótí fóònù lọ. Nítorí náà, èyí ni lẹ́tà tó kẹ́yìn tí mo máa lu òǹtẹ̀ mọ́ fún ọ. Lẹ́yìn èyí, fóònù ni. Mo sì mọ ara mi. Bí o bá pè, bí o ti jẹun sí ni mo máa bi ọ́, mo máa béèrè òtútù, ìṣẹ́jú á tán. Ohun tí o ń bi mí láti ọdún mẹ́ta, n kò ní lè sọ ọ́ sínú nǹkan yẹn láéláé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Ọ̀sán ni. Òjò ń rọ̀. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí màmá rẹ ti wà lórí ibùsùn, èémí rẹ̀ sì ti kúrú. Aránṣọ ti gun kẹ̀kẹ́ lọ wá nọ́ọ̀sì, àwa méjèèjì mọ̀ pé kò lè tètè dé. Màmá rẹ ní kí n lọ pè ọ́. Mo ní ta? Ó ní, "Lọ́yà. Ẹ pè é. Ẹ sọ fún un pé mò ń kí i." Ó mọ̀ pé fóònù ti kú. Òun ló máa ń fi àga ti ilẹ̀kùn àpótí náà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Mo fẹ́ rán an létí, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí kò jẹ́. Mo ní, "Wọ́n ti tún un ṣe. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wá, o ń sùn." Ó ní, "Ẹ ò sì sọ fún mi."

Mo lọ sí iwájú. Mo wọnú àpótí náà, mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbé fóònù sétí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò tilẹ̀ sí ariwo. Mo yí nọ́ńbà rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fo ọ̀kan. Mo wá sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ sókè, kó lè máa gbọ́ mi láti ìyẹ̀wù. Mo ní, "Lọ́yà, màmá rẹ ń kí ọ o. Ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá." Mo dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Mo ní, "Ó dáa. Ó dáa. Mo máa sọ fún un." Mo gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Nígbà tí mo padà, ó ní, "Kí ló sọ?" Mo ní ó ní òun ń bọ̀. Ó ṣì ń wò mí, mo wá ní, "Ó ní òun ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì bí mo ṣe ní kó máa ṣe." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Irọ́ ló ń pa. Kì í wọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó sùn, kò jí mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin ín, fọ́ọ̀mù wà lórí káńtà, awakọ̀ ń dúró. Mo dé ìlà kẹrin. Bí mo bá kọ ọ́ pé fóònù kò ṣiṣẹ́, ta ló wá bá màmá rẹ sọ̀rọ̀? O ní ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Rúlà ni mo fi dì í mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ sí mi lóṣù karùn-ún ṣì ń dùn mí, n kò sì ní purọ́ fún ọ pé kò dùn mí. Má fi ti lẹ́tà yìí dárí jì mí ní kíákíá. Ṣùgbọ́n èyí ni fọ́ọ̀mù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, n kò fo ibì kankan.

Èmi ni mo fọwọ́ sí i,
Bàbá rẹ